Bí ẹbí ṣe ń gba ilé Habitat ní Amẹ́ríkà: ìtọ́sọ́nà láti Ìlọrin fún àwọn tó ní èèyàn lókè òkun

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tánkẹ̀, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé, tí mo sì ń bá àwọn èèyàn ya àwòrán ìwé ránṣẹ́, kì í pẹ́ kí ìyá tàbí bàbá kan tó gbé ọ̀rá ìwé wọlé: “Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló ní kí n fi èyí ránṣẹ́.” Ó lè jẹ́ ìwé ìbí, ó lè jẹ́ ìwé ìgbéyàwó tí Áfáà kọ. Láti ìgbà tí àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ti rí ilé gbà níbẹ̀ lọ́wọ́ Habitat for Humanity, àjọ tó ń bá àwọn tí kò nílé kọ́ ilé, àwọn tó ń bi mí nípa rẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn kan ní ọ̀fẹ́ ni, pé sàárà ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń fi ṣe. Àwọn mìíràn ní kò lè kan Mùsùlùmí láéláé. Méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó kọ èyí kí ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún, lè fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé tó jẹ́

Millard Fuller àti Linda ìyàwó rẹ̀ ló dá Habitat sílẹ̀ ní ọdún 1976, ní ìlú Americus ní ìpínlẹ̀ Georgia. Oko kan tó ń jẹ́ Koinonia ni èrò náà ti ṣẹ̀ wá, níbi tí àwọn àti Clarence Jordan, ọ̀kan lára àwọn tó dá oko náà sílẹ̀, ti jọ gbìmọ̀ pé kí ẹni tí kò nílé àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn jọ kọ́ ilé pọ̀, kí wọ́n tà á fún onítọ̀hún láìjèrè, kí owó tó bá sì ń san padà díẹ̀díẹ̀ bọ́ sínú àpò kan tí wọn yóò fi kọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá mọ èésú yóò tètè mọ bí owó náà ṣe ń yí. Bí ẹ bá dẹ́kun sísan, ẹni tó kàn ni kò ní rí ilé rẹ̀ kọ́.

Jimmy Carter, tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, òun àti Rosalynn ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kan ìṣó ní ọdún 1984, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ ogbó fi dé. Àwọn àgbà Kwárà yóò rántí Carter nídìí ọ̀rọ̀ mìíràn. Iléeṣẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó bá wa lé sòbìà kúrò nílẹ̀ yìí, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 2013 pé kò sí sòbìà mọ́ ní Nàìjíríà. Mo mọ àwọn tí sòbìà dá dùbúlẹ̀ lóko nígbà ìkórè, nítorí náà orúkọ rẹ̀ wúwo létí mi.

Nítorí náà, ilé yìí kì í ṣe sàárà. Rírà ni ẹ ń rà á. Ohun tó mú un rọrùn ni pé kò sí èrè lórí rẹ̀, àwọn ọ̀yọ̀ǹda ara ẹni ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ọdún 20 sí 30 gba owó náà.

Ọ̀rọ̀ èlé

Èyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ní Ìlọrin, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí àìgba èlé ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ Habitat lé. Ẹ́kísódù 22:25 ni wọ́n gbé e kà, ibi tí wọ́n ti kọ̀ fún ẹni tó yá tálákà lówó láti gba èlé lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Súrà Bákárà dé ẹsẹ̀ 275 mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn sùn. Lónìí, ẹ̀ka Habitat kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bí owó tirẹ̀ yóò ṣe rí. Àwọn kan kò gba èlé rárá, àwọn kan gba díẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń mú owó náà wá láti báńkì tàbí lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tó di pé ẹ kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú fọ́ọ̀mù: “Ṣé èlé wà lórí owó yìí? Mélòó ni? Ta ló ni owó náà?” Ọkọ àbúrò mi béèrè, ó gba èsì lórí ìwé, ó gbé e lọ bá Áfáà rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú.

Ẹ wá ẹ̀ka àdúgbò yín

Kì í ṣe ọ́fíìsì ńlá kan ló ń pín ilé fún gbogbo Amẹ́ríkà. Káúńtì tí ẹ ń gbé, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ni ọ̀rọ̀ yín wà. Ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sí habitat.org, ẹ tẹ nọ́ńbà àdúgbò yín (ZIP code) sí i, yóò fi ẹ̀ka tó sún mọ́ yín hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa ń gba fọ́ọ̀mù, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló jẹ́ pé ìgbà díẹ̀ lọ́dún ni wọ́n ń ṣí i, tí wọ́n á sì tún tì í. Ẹ béèrè bóyá ó di dandan kí ẹ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní káúńtì náà fún ọdún kan. Ẹ béèrè nípa ìwé ìgbélùú pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń fẹ́ kí ẹni tó ń bèèrè jẹ́ ọmọ ìlú tàbí kó ní green card.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ níbí fún àwa tá a wà nílé. Habitat kì í kó èèyàn láti Nàìjíríà lọ gba ilé ní Amẹ́ríkà, ilé wọn kì í sì í mú físà wá. Ẹni tó bá ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé orúkọ yín ti jáde, kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù sí àkáǹtì òun, olè ni. Ìyá kan ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù mi tó ń sunkún owó àkàrà ọdún méjì tó bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ.

Òṣùwọ̀n mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ẹbí

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí ẹ ṣe nílò ilé tó, bí agbára yín ṣe ká sísan owó rẹ̀, àti bóyá ẹ ṣe tán láti fi òógùn yín kọ́ ọ. Ẹni tó bá ní méjì tí kò ní ẹ̀kẹta yóò pa dà lọ́wọ́ òfo. Àìní nìkan kò tó, owó nìkan kò sì tó. Ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé: ẹni tó rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe yóò fi iṣẹ́ tó ń ṣe pa mọ́ kó lè dà bí òtòṣì, ẹni tí ojú ń tì yóò fi ipò tó wà pa mọ́ kó lè dà bí olówó. Àwọn méjèèjì ló ń pa ara wọn lára.

Àìní: ohun tí ó jẹ́ lójú wọn ni pé èrò pọ̀ ju yàrá lọ, tàbí omi ń jò láti òkè, tàbí ògiri ń hu èébu, tàbí owó ilé ń gbé ohun tó lé ní ìdajì owó oṣù lọ, tàbí ibi tí ẹ ń gbé léwu fún ọmọ. Báńkì tí kò fẹ́ yá yín lówó ilé náà wà lára àìní. Ẹ ya fọ́tò. Àbúrò mi ya ti igun ilé ìwẹ̀ wọn níbi tí dúdú ti gun ògiri dé ibi tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura kọ́ sí. Ó gbé rúlà ọmọ rẹ̀ tì í kí wọ́n lè rí bó ṣe ga tó. Fọ́tò kan yẹn sọ̀rọ̀ ju lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta tí mo ti bá a kọ lọ.

Agbára láti san: ìṣirò ni èyí, ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbé iye owó tó ń wọlé fún ẹbí tó wà láàárín ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan jáde lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń tò ó sí bí èèyàn ṣe pọ̀ tó nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Habitat ń mú ẹbí tí owó wọn wà láàárín ìdá 30 sí ìdá 80 nínú 100 iye yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kì í kọjá ìdá 60. Ká ní iye tó wà fún ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́rin ní àgbègbè yín jẹ́ $90,000 lọ́dún. Ìdá 30 rẹ̀ jẹ́ $27,000, ìdá 80 rẹ̀ jẹ́ $72,000. Bí owó yín bá bọ́ sáàárín méjèèjì, ẹ ti wọlé. Bó bá kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, wọn yóò bẹ̀rù pé ẹ kò ní lè san. Bó bá ju ti òkè lọ, wọn yóò ní kí ẹ lọ bá báńkì.

Ìṣirò kejì ni ti oṣooṣù. Wọn kì í sábà fẹ́ kí owó ilé náà, pẹ̀lú owó orí rẹ̀ àti ìnṣọ́ránsì, ju ìdá 30 nínú 100 owó oṣù yín lọ kí wọ́n tó yọ owó orí kúrò. Ẹbí tó ń rí $4,000 lóṣù kò ní san ju $1,200 lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá ro gbogbo gbèsè pọ̀ mọ́ ọn: owó ọkọ̀, káàdì gbèsè, owó ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kò fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ ju bí ìdá 43 lọ, ìyẹn $1,720 lórí $4,000. Ẹ wò ó dáadáa: lẹ́yìn $1,200 ilé, $520 péré ló kù fún gbogbo gbèsè yòókù. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun kan lè jẹ ẹ́ tán. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má gba ọkọ̀ ní gbèsè ní ọdún tí ẹ bá fẹ́ bèèrè ilé.

Ohun tó jẹ́ tiwa, tí àwọn òyìnbó kò mọ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ibí ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá àbúrò mi padà.

Àkọ́kọ́ ni àjọ. Nínú ìwé báńkì rẹ̀, $6,000 ṣàdédé wọlé lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò bi í pé níbo ló ti wá. Ó ní ọ̀rẹ́ ló fún òun. Ọ̀rọ̀ yẹn burú lójú wọn, torí ó lè jẹ́ gbèsè tó fi pa mọ́. Ó pè mí ní aago mẹ́ta òru tiwa: “Bùọ̀dá, ẹ gbà mí, wọ́n ní kí n ṣàlàyé.” Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ òtítọ́. Èésú ẹlẹ́ni 12 ni, $500 lóṣù, òun ló kàn láti kó. Obìnrin Ọ̀fà kan tí wọ́n jọ ń kírun ni olórí àjọ náà. Ó kọ lẹ́tà, ó to orúkọ àwọn 12 náà, ọjọ́ tí kálukú kó tirẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yanjú nìyẹn. Kódà ó wá ṣe é láǹfààní, nítorí wọ́n rí i pé ó ti ń san $500 lóṣooṣù láìyẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ẹni tó bá ń dá àjọ, ẹ jẹ́ kó ní ìwé.

Ìkejì ni owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé. Wọ́n máa ń béèrè sítétímẹ́ǹtì báńkì, gbogbo rẹ̀ yóò sì hàn níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn máa bọ́ ìyá rẹ̀. Àmọ́ ẹ mú un dúró lórí iye kan, kó má jẹ́ pé $100 lóṣù yìí, $900 lóṣù tó tẹ̀ lé e nítorí ìnáwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ gbọ́ mi: ní oṣù tí ọmọ yín bá ń bèèrè ilé, ẹ má fi ìsọmọlórúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí dà á láàmú. Mo sọ fún ìyá wa bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ló ní, “Jẹ́ kó kọ́kọ́ bọ́ sínú ilé tirẹ̀.”

Ìkẹta ni ilé tàbí ilẹ̀ ní Kwárà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka ń fẹ́ ẹni tí kò tíì ní ilé fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ẹ bá ní búlọ́ọ̀kù díẹ̀ nílẹ̀ ní Gànmọ̀, tàbí orúkọ yín wà nínú ilé ẹbí tí bàbá fi sílẹ̀ ní Pàkátà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Ẹ ṣàlàyé pé ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan, pé kò sí ẹni tó lè tà á. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yìí ń bani jẹ́ ju ilé lọ.

Àwọn ìwé tí ẹ ó kó jọ

Ìwé owó orí ọdún méjì. Ìwé owó iṣẹ́ oṣù méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn, ti gbogbo àgbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Sítétímẹ́ǹtì báńkì. Ìwé owó ilé tí ẹ ń san fún lánlọ́ọ̀dù. Káàdì ìdánimọ̀ àti green card. Nọ́ńbà Social Security. Bí ìjọba bá ń ran ọmọ tàbí aláìlera inú ilé lọ́wọ́, ìwé rẹ̀ pẹ̀lú, torí owó ni òun náà. Àwọn ẹ̀ka kan lè béèrè ìwé ìgbéyàwó tàbí ìkọ̀sílẹ̀.

Orúkọ ni ìyọnu tiwa. Nínú ọ̀rá ìwé kan ṣoṣo mo ti rí ọkùnrin kan tó jẹ́ Abdulwahab nínú ìwé ìbí, Abdul-Wahab nínú pásípọ́ọ̀tù, Abdulwaab nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ẹni kan náà ni, àmọ́ ìwé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ẹjọ́, ẹ gba ìwé ìbúra pé ẹni kan náà ló ń jẹ́ gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹ má sì fi fóònù ya àwòrán ìwé lórí bẹ́ẹ̀dì kí ìka yín má bò ó. Ìwé tí wọn kò rí kà kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò fi ránṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí àbúrò mi fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ojú ìwé owó orí kan ló dín, ọjọ́ sì ti kọjá kí á tó mọ̀. Ẹ̀bi wa ni. Ó dúró di ìgbà tí wọ́n tún ṣí i.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá wo ilé

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn náà máa ń wá wo ibi tí ẹ ń gbé. Èèyàn méjì ló wá sọ́dọ̀ àbúrò mi, ọ̀yọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó fi fídíò WhatsApp hàn mí bó ṣe ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọ lọ fi pa mọ́ sílé aládùúgbò, torí ìtìjú. Mo pariwo mọ́ ọn. Ọmọ mẹ́rin tó ń sùn nínú pálọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi ń bọ̀! Ó gbé e padà. Ẹ gbálẹ̀, ẹ fọ abọ́, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ pé ẹ lè tọ́jú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tó ń jò pa mọ́. Wọn yóò béèrè ìdí tí ẹ fi fẹ́ ilé, bí ẹ ṣe ń ná owó, bóyá ẹ ní àyè láti wá ṣiṣẹ́. Ẹ dáhùn bí ẹ ṣe ń dáhùn ẹ̀gbọ́n yín.

Òógùn

Iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọwọ́ ara yín ṣe sábà máa ń jẹ́ láàárín wákàtí 200 sí 500, ó dá lórí ẹ̀ka àti iye àgbà tó wà nínú ilé. Ẹ ó bá wọn kan pákó, ẹ ó kun ọ̀dà, ẹ ó ṣiṣẹ́ lórí ilé ẹlòmíràn kó tó kan tiyín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé e lè ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ yín lórí ìnáwó àti ìtọ́jú ilé máa ń wà nínú wákàtí náà lọ́pọ̀ ibi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ dé ibi tí iṣẹ́ ìkọ́lé ti ń lọ lọ́wọ́, àmọ́ àwọn ẹ̀ka kan máa ń fún ẹbí ní wákàtí bí ọmọ bá ṣe dáadáa nílé ẹ̀kọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló tún gba kí ọ̀rẹ́ àti ẹbí bá yín san nínú wákàtí náà. Ọ̀wẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọkọ àbúrò mi ránṣẹ́ sí àwọn ará Kwárà tó wà ní ìlú wọn, wọ́n dé ní ọjọ́ Sátidé kan, èèyàn mẹ́sàn-án, pẹ̀lú kúlà mọ́ínmọ́ín méjì. Wákàtí mẹ́fà ni kálukú ṣe, wọ́n kọ wákàtí 54 sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ máa buwọ́ lùwé wákàtí yín lójoojúmọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀, ẹ kò ṣe é.

Èsì

Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974 lórí yíyáni lówó sọ pé láàárín ọjọ́ 30 tí gbogbo ìwé yín bá ti pé lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Òfin yẹn kan náà kọ̀ kí wọ́n fi ẹ̀sìn, àwọ̀ tàbí orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá dá yín padà. Híjáàbù àbúrò mi kò dí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí. Ẹ gbà á lórí ìwé. Gbèsè ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, gbèsè sì ṣeé san. Ẹ san án, ẹ tún padà lọ.

Bí wọ́n bá gbà yín, kì í ṣe ọjọ́ kejì ni ẹ ó kó wọlé. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ilé tó pé. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ lórí títà ilé náà, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló máa ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi lọ àwọn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ máa gbé inú rẹ̀, ẹ kò lè gbé e fún ayálégbé kí ẹ wá jókòó ní Ìlọrin. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ wálé fún oṣù mẹ́ta nítorí ìyá wa tí ara rẹ̀ kò yá, ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka wọn kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọjọ́ tóun ń lọ àti ọjọ́ tóun ń bọ̀, ó sì fi owó ilé oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní báńkì.